65 TÓ JU 271 LỌ: Kí ló ń ṣe àwọn onípátákó wa nínú kíríkẹ́ẹ̀tì oníwákàtí mẹ́ta?

Méje! Ẹ tún un kà dáadáa o. Kì í ṣe 70, kì í ṣe 17. Àmì 7 péré ni odidi orílẹ̀-èdè kan gbá nínú ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nílẹ̀ Nàìjíríà níbí. Orílẹ̀-èdè náà ni Côte d'Ivoire, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì fojú wọn rí màbo. Bọ́ọ̀lù 45 ni wọ́n jù sí wọn, gbogbo wọn sì ti jáde tán. Ẹni tó gbá jù nínú wọn, àmì 4 ni tirẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ọkùnrin orílẹ̀-èdè ti ń bá ara wọn gbá irú kíríkẹ́ẹ̀tì kúkurú yìí, kò tíì sí èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó kéré jù tẹ́lẹ̀, 10 ni.

Kí àwọn àlejò tó dé ìdí pátákó, àwọn tiwa ti gbá 271. Selim Salau nìkan gbá 112 nínú bọ́ọ̀lù 53. Bọ́ọ̀lù ń fò kọjá orí ènìyàn bí ẹyẹ àdàbà. Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn yẹn yóò ní àwọn onípátákó Nàìjíríà ti di àgbà ọ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró mọ́ láyé.

Ẹ má tíì lu agogo. Àwọn tó mọ eré náà dunjú kò jó lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni. Wọ́n mọ̀ pé Nàìjíríà yìí kan náà ló lọ sí Dubai àti Abu Dhabi lọ́dún 2019 láti wá àyè nínú Ife Àgbáyé, tó gbá eré 6, tó sì pàdánù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n rántí pé nígbà tí àwọn ọmọkùnrin wa tí kò tíì pé ọdún 19 lọ sí Ife Àgbáyé tiwọn ní South Africa lóṣù kìíní ọdún 2020, Australia lé gbogbo wọn jáde pẹ̀lú àmì 61. Nígbà tí wọ́n sì ń pín tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé fún Áfíríkà ní Harare lọ́dún 2025, Zimbabwe àti Namibia ló gbà á. Àwọn tiwa tún padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Ṣé ẹni tó gbá 271 lónìí náà ló yẹ kó máa wárìrì lọ́la? Ibo ni ìṣòro wà? Ṣé okun ni kò sí lápá ni, àbí ọgbọ́n ni kò sí lórí?

ẸJẸ́ KÁ MÚ ERÉ NÁÀ WÁ SÍ ODÒ-Ẹ̀RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ bí wọ́n ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ní Odò-Ẹrẹ̀, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Yagba West ní Ìpínlẹ̀ Kogi, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọmọdé ń gbá láàárín ilé. Bí a bá sọ pé kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn lè rò pé ìrẹ̀ inú koríko là ń wí. Nítorí náà, ká ṣe é bí ẹni pé orí pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá a.

Wọ́n á ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ 3 mọ́lẹ̀ lápá kan, wọ́n á tún ri 3 mọ́lẹ̀ lápá kejì. Ẹsẹ̀ bàtà 66 ló wà láàárín wọn. Onípátákó kan á dúró níwájú igi, pátákó lọ́wọ́. Láti apá kejì, ajubọ́ọ̀lù á sáré wá, á ju bọ́ọ̀lù líle kan tó máa kọ́kọ́ ta lu ilẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá kọ lu igi ẹ̀yìn rẹ̀, onípátákó ti jáde. Bó bá gbá a sókè tí ẹnìkan sì hán an kó tó balẹ̀, ó ti jáde. Ṣùgbọ́n bó bá gbá a lọ, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sáré pààrọ̀ àyè, àmì 1 nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá yí gba etí pápá kọjá, àmì 4. Bó bá fò kọjá láì balẹ̀, àmì 6.

Bọ́ọ̀lù 6 ni wọ́n ń pè ní ófà kan. Láyé àtijọ́, ọjọ́ 5 gbáko ni wọ́n fi ń gbá eré kan ṣoṣo! Nígbà tó yá, wọ́n ṣe èyí tí kò ju ọjọ́ kan lọ, ófà 50 fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2003 ni àwọn ará England wá gé e kúrú sí ófà 20, tí eré á parí láàárín wákàtí 3 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni wọ́n ń pè ní T20. Bọ́ọ̀lù 120 péré ni ìhà kọ̀ọ̀kan ní. Bí 10 nínú ènìyàn 11 bá sì ti jáde kí 120 náà tó tán, ó parí fún wọn.

Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2019 ni ICC, àjọ tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé, ti ka gbogbo eré T20 ti àwọn ọkùnrin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn sí ojúlówó eré orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Àwọn kéékèèké bíi tiwa yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní eré kúkurú ló máa jẹ́ kí ọmọ tálákà bá ọmọ olówó dọ́gba. Lára ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

ALÁÀKÀRÀ ÀTI TÉLỌ̀

Nínú eré yìí, iṣẹ́ méjì ló wà tí ìpín wọn kò dọ́gba rárá. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló máa tètè yé jù.

Ẹ wo ìyá aláàkàrà. Bí àkàrà kan bá jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, á yọ ọ́ sọ́tọ̀, á tún da òmíràn sínú epo. Kò sí oníbàárà tó máa torí àkàrà kan bínú lọ. Ajubọ́ọ̀lù nìyẹn. Òfin T20 fún un ní ófà 4, ìyẹn bọ́ọ̀lù 24. Bó bá ju èyí tí kò dáa, tí wọ́n gbá a fún àmì 6, á nu ojú nù, á tún gba òmíràn. Àṣìṣe 3 tàbí 4 lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n sì tún pè é ní akọni nírọ̀lẹ́.

Ẹ wá wo télọ̀ tí wọ́n gbé léèsì olówó gọbọi fún. Bí àlùmọ́gàjí bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan péré, ó tán. Kò sí bí a ti fẹ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Onípátákó nìyẹn. Àṣìṣe kan, kó gbé pátákó rẹ̀ sábíyá, kó lọ jókòó. Ó lè ti rìnrìn àjò ẹgbẹ̀rún máìlì, kó ti sanra ẹ̀ lókun fún oṣù mẹ́fà, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ló sì lè lé e jáde.

Báwo wá ni télọ̀ ṣe ń mọ̀ ọ́n gé? Kì í ṣe orí léèsì oníbàárà ló ti kọ́ ọ. Ọ̀gá rẹ̀ á kọ́kọ́ fún un ní ìwé ìròyìn àtijọ́ pé kó máa gé e. Lẹ́yìn náà á fún un ní àjákù aṣọ. Ọdún kan, ọdún méjì, ó ń bà á jẹ́, ó ń tún un ṣe. Ìgbà tí ọwọ́ bá ti mọ iṣẹ́ ni wọ́n tó ń fún un ní aṣọ ìyàwó.

Ìdí pàtàkì nìyí. Àwọn onípátákó wa kò gé ìwé ìròyìn tó kí wọ́n tó gbé léèsì fún wọn. Ajubọ́ọ̀lù lè dá nìkan kọ́ iṣẹ́. Bó bá ní bọ́ọ̀lù kan àti ògiri kan, tàbí igi 3 lórí pápá, ó lè máa jù ú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Onípátákó kò lè dá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó nílò ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí i, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n jù. Ó nílò pátákó gidi, tí wọ́n ń fi igi wílò ṣe, igi tí kì í hù nílẹ̀ wa. Ó nílò ìbọ̀wọ́, ohun tí wọ́n ń dì mọ́ ojúgun, àti akoto. Ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù ló ń kó gbogbo ẹrù yìí wá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mẹ́kúnnù tó bá fẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì fi máa ń di ajubọ́ọ̀lù lọ́pọ̀ ìgbà.

ÌYÁ TÓ Ń DÚRÓ DE ẸNI TÓ MÁA RA ÀPÒ

Ìṣòro kejì, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ká sọ pé ìyá méjì ń ta gàárì lọ́jà. Ọ̀kan ń wọn ọ́n ní kóńgò kóńgò. Ẹni tó fẹ́ kóńgò kan, gbà. Ẹni tó fẹ́ ààbọ̀, gbà. Ìyá kejì kò dá ẹni kóńgò lóhùn. Ẹni tó máa ra odindi àpò ló ń retí. Nígbà tí ọjà bá tú, ta ló máa ní owó lọ́wọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé T20 kúrú, bọ́ọ̀lù gbogbo ni kí onípátákó máa fi gbogbo agbára gbá kó lè gba àmì 6. Irọ́ ni. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò. Bọ́ọ̀lù 120 ló wà. Bí ikọ̀ kan bá ń fi ọgbọ́n ti bọ́ọ̀lù sí àyè tí kò sí ènìyàn, tí wọ́n sáré gba àmì 1 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láì gbá 4, láì gbá 6, àmì 120 nìyẹn. Bí wọ́n bá wá rí bọ́ọ̀lù burúkú 10 tí wọ́n gbá fún 4 dípò 1, ó ti di 150. Owó kóńgò kóńgò nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò mọ kóńgò ń wọ̀n. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù kan sí i, ó gbá a, kò kàn án. Òfo. Wọ́n ju ìkejì, ó gbá a tààrà sí ọwọ́ ẹni tó dúró. Òfo. Ìkẹta, òfo. Ara rẹ̀ ti ń gbóná. Àwọn èrò ìwòran ń kígbe. Ó ń wo pátákó tí wọ́n ń kọ àmì sí, ó rí i pé àkókò ń lọ. Ní ìkẹrin, ó dijú, ó fi gbogbo ara fọ́n ọn sókè ọ̀run. Bọ́ọ̀lù ga, ó ga, ó wá balẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹnìkan. Ó jáde. Ẹni tó tẹ̀lé e bá gbèsè nílẹ̀, òun náà kánjú, òun náà jáde. Bí ilé ṣe ń dà wó nìyẹn, kì í ṣe pé ẹnìkan ti í.

Òfin eré náà tún ní ẹ̀tàn nínú. Nínú ófà 6 àkọ́kọ́, ènìyàn 2 péré ni àwọn tó ń ṣọ́ pápá lè fi sí ẹ̀yìn òbìrí kan tí wọ́n fà sórí pápá. Àyè ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó dà bí ẹni pé kí o ṣáà gbá a. Àgbà onípátákó á yan èyí tó máa gbá. Ọ̀gbẹ̀rì á fẹ́ gbá gbogbo rẹ̀, ófà 6 náà kò sì ní tíì parí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ 4 á ti jókòó. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára.

ALÙPÙPÙ ORÍ Ọ̀DÀ, ALÙPÙPÙ ỌNÀ OKO

Ìṣòro kẹta wà nílẹ̀ gan-an, lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, kọnkéré ló wà nísàlẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń ta, tí wọ́n wá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Kápẹ́ẹ̀tì kò gba owó ìtọ́jú púpọ̀, òjò kì í sì í bà á jẹ́. Kò sí ẹni tó máa bá wọn wí lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá ta lórí kápẹ́ẹ̀tì, bákan náà ló máa ń ta ṣáá. Ó máa ń ga, ó máa ń wá tààrà, ojú onípátákó á mọ̀ ọ́n.

Nínú àwọn ìdíje ńlá lókè òkun, orí ilẹ̀ koríko tí wọ́n fi rólà tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá a. Bọ́ọ̀lù lè ta níbẹ̀ kó fà sí ọ̀tún. Èyí tó tẹ̀lé e lè rá pálá wá nísàlẹ̀. Bí ajubọ́ọ̀lù bá tún mọ bí wọ́n ti ń fi ìka yí i, ó lè dà bí ẹni pé ejò ló ń bọ̀.

Ó dà bí ọmọ tó kọ́ alùpùpù lórí ọ̀dà tó jọ̀lọ̀, tí wọ́n wá ní kó gbé e gba ọ̀nà oko ní Odò-Ẹrẹ̀ lásìkò òjò, pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn. Alùpùpù kan náà ni. Ọmọ kan náà ni. Ilẹ̀ ni kò rí bákan náà. Bó bá ṣubú, ṣé ká ní kò mọ alùpùpù gùn ni? Ó mọ̀ ọ́n gùn níbi tó ti kọ́ ọ.

Ohun tó sì fi ọ̀rọ̀ 271 yẹn hàn kedere nìyí. Orí ilẹ̀ tí wọ́n mọ̀ ni àwọn tiwa ti gbá a, ọwọ́ àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sí wọn kò sì tíì mọ iṣẹ́. Nínú ìdíje kan náà, Sierra Leone ti kọ́kọ́ lé Côte d'Ivoire jáde pẹ̀lú àmì 21. Agbára wà lápá ọmọ Nàìjíríà, 271 ti jẹ́rìí sí i. Ọgbọ́n tí a fi ń dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù bá le, ìyẹn ni agbára kò lè rà.

ÀKÍSÀ ÀGBÀ

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kò sí òwe tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu tó o. Àkísà onípátákó ni gbogbo ọjọ́ tó ti jáde rí, gbogbo bọ́ọ̀lù tó ti tàn án jẹ rí. Ibẹ̀ ló ti ń ṣa ọgbọ́n.

Kì í ṣe pé Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kíríkẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 1904, ìyẹn ọdún 10 kí wọ́n tó da Gúúsù àti Àríwá pọ̀, ni Èkó ti gbàlejò àwọn ará Gold Coast, tó di Ghana lónìí, fún ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi King's College l'Ékòó, Government College n'Íbàdàn àti Barewa lókè Ọya ń fi kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n eré ọmọ ilé ìwé tó ń gbé ọgbà àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba ló jẹ́. Kò wọ àdúgbò, kò wọ ọjà. Nígbà tí owó àti àmójútó dín kù nílé ẹ̀kọ́, eré náà kò ní ilé mìíràn tó lè sá sí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gba gbogbo pápá.

Ẹ fi wé Pakistan. Níbẹ̀, ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ ń gbá a láàárín títì. Wọ́n á mú bọ́ọ̀lù tẹníìsì, wọ́n á fi téèpù tí àwọn oníná mànàmáná ń lò wé e kó lè le díẹ̀, wọ́n á fi bíríkì tàbí àpótí ṣe igi. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó pé ọdún 15, kò sẹ́ni tó lè ka iye bọ́ọ̀lù tó ti dé iwájú rẹ̀. Àkísà rẹ̀ ti kún àpò. Ọmọ tiwa tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 15 ń lọ pàdé rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun nìkan.

KÌ Í ṢE ÀWA NÌKAN

Kí a má ba ara wa jẹ́ jù, ẹ wo Uganda. Akọni ni wọ́n. Wọ́n na Zimbabwe kí wọ́n tó wọ Ife Àgbáyé T20 ti ọdún 2024. Níbẹ̀, bàbá kan tó ń jẹ́ Frank Nsubuga, ẹni ọdún 43, ju bọ́ọ̀lù 24 sí àwọn ará Papua New Guinea, àmì 4 péré ni wọ́n sì rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Uganda borí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan pátákó gbígbá níwájú àwọn ọ̀gá, West Indies lé wọn jáde pẹ̀lú 39, New Zealand lé wọn jáde pẹ̀lú 40. Ọwọ́ tó ń jù ú dáa, ọwọ́ tó ń gbá a ni kò tíì gbó.

Afghanistan ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé eré náà lárugẹ níbẹ̀, ibùdó ogúnléndé ní Pakistan ni wọ́n ti kọ́ ọ nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé. Lọ́dún 2024, ikọ̀ wọn wà lára àwọn 4 tó kù nínú Ife Àgbáyé. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé South Africa níbẹ̀, 56 ni gbogbo wọn fi jáde. Ẹ ò rí i pé T20 kò mojú ẹnikẹ́ni.

ÀWỌN ỌMỌBÌNRIN KAN NÍ KUCHING

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fi ṣe ìwúrí wà lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin wa. Lọ́jọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ní ìlú Kuching lórílẹ̀-èdè Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì ju ọdún 19 lọ pàdé New Zealand nínú Ife Àgbáyé tiwọn. Òjò rọ̀, wọ́n sì dín eré kù sí ófà 13. Àwọn tiwa gbá 65. Ẹni tó bá ti rí 271 yóò ní kí ni wọ́n ń fi 65 ṣe?

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti rí 65 náà. Lucky Piety, ọ̀gá wọn, àti Lillian Udeh ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọlé, láì sí ẹni tó dé 20 nínú wọn. Kò sí pé wọ́n ń fọ́n bọ́ọ̀lù sókè ọ̀run. Kóńgò kóńgò ni wọ́n ń wọ̀n. Níwájú ajubọ́ọ̀lù tó dáńgájíá, lórí ilẹ̀ àjèjì, ènìyàn 6 péré ló jáde nínú wọn.

Nígbà tó ku ófà kan, àmì 9 ni New Zealand ń wá. Wọ́n kó bọ́ọ̀lù fún Lillian Udeh. Àmì 6 péré ni wọ́n rí gbà. New Zealand dúró sórí 63. Nàìjíríà fi àmì 2 borí orílẹ̀-èdè tí eré náà ti di bárakú fún láti ayébáyé! 65 yẹn ju 271 lọ, nítorí pé ó nira láti rí.

KÍ NI KÁ ṢE?

Ẹlòmíràn á sọ pé, "Ìṣòro ìyàn ń bẹ nílẹ̀, owó epo ń lọ sókè, kí ló kan ìyá oníṣu ní Odò-Ẹrẹ̀ nínú eré òyìnbó?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó mọ ibi tí ire ọmọ rẹ̀ wà. Wọ́n ti fi T20 sínú Ìdíje Òlíḿpíìkì ti ọdún 2028 ní Los Angeles, fún ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn ọmọbìnrin tó lọ sí Kuching, ilé ẹnìkan ni wọ́n ti wá. Ẹnìkan ló gbà pé kí wọ́n lọ sí pápá lẹ́yìn tí wọ́n fọ abọ́ tán.

Ohun tó yẹ kí àwọn aláṣẹ ṣe kò fara sin. Kí wọ́n ṣe ilẹ̀ koríko sí i, kó má jẹ́ pé òkè òkun ni ọmọ wa á ti kọ́kọ́ rí i. Kí wọ́n wá eré pẹ̀lú àwọn tó jù wá lọ, kódà bí a ó bá pàdánù, nítorí ẹni tó ń na ọ̀lẹ nìkan kò lè mọ bí agbára rẹ̀ ti tó. Kí wọ́n tún jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbá eré gígùn pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ti ń dúró fún wákàtí kan, á mọ ibi tó ti yẹ kó kánjú. Ẹni tó jẹ́ pé kánjúkánjú nìkan ló kọ́, kò ní ibi tó máa padà sí bí nǹkan bá le.

Èyí tó kù, ọwọ́ àdúgbò ló wà. Káfíńtà tó bá ti fá pákó pẹlẹbẹ kan, tó fún un ní ibi ìdìmú, ti ṣe pátákó fún ọmọ 10. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì àti téèpù oníná kò wọ́n bí akoto. Ilẹ̀ gbígbẹ níwájú ilé ti tó. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ọmọ télọ̀ ń gé nìyẹn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nílẹ̀ Yagba àti ní gbogbo ilẹ̀ Okun, bí ẹnìkan bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, "Okun o" ni yóò kí ọ. Okun wà lápá àwọn onípátákó wa, ayé ti rí i. Sùúrù ló kù kí wọ́n fi kún un, pẹ̀lú àkísà tó pọ̀ nínú àpò. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí ọmọ yín obìnrin bá gbé pátákó wálé lọ́la, kí lẹ máa sọ fún un? Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín.